Ta Ni Yóò Jíhìn? Ọkọ̀ Ẹlẹ́ńjìnnì ní Etíkun Ìlàjẹ àti Ọ̀rọ̀ Mọ́tò Tí Kò Ní Awakọ̀

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí dà bí àlọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlọ́. Ní ìlú Phoenix àti ìlú San Francisco ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ènìyàn lè dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ kí ó ránṣẹ́ pe mọ́tò, kí mọ́tò náà sì dé láìsí awakọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ẹni náà yóò wọlé, yóò jókòó, mọ́tò yóò sì gbé e dé ibi tí ó ń lọ. Ilé-iṣẹ́ Waymo ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Láti inú ìwádìí kan tí ilé-iṣẹ́ Google bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009 ni ó ti jáde, ọdún 2018 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ èrò ní agbègbè Phoenix. Àwọn kan gbọ́ ọ, wọ́n ní ọ̀làjú ti dé góńgó. Àwọn mìíràn gbọ́ ọ, wọ́n ní kí Elédùmarè má jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn. Àríyànjiyàn náà kò sì tíì parí.

Kí ni ó wá pa ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ mọ́ etíkun Ìlàjẹ, níbi tí ọ̀pọ̀ ìletò wà tí mọ́tò onítaya kò lè dé rárá? Omi ni títì àwọn ènìyàn ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi sì ni mọ́tò wọn. Ìdí rẹ̀ ni pé kò sí ẹ̀rọ ìrìnnà tuntun kan tí kò bi aráyé ní ìbéèrè kan náà tí mọ́tò aláìláwakọ̀ ń bi wọ́n lónìí. Àwọn Ìlàjẹ ti dáhùn ìbéèrè náà rí, nígbà tí ẹ́ńjìnnì dé bá àjẹ̀ lórí omi wọn. Bí wọ́n ṣe dáhùn rẹ̀, àti ibi tí ìdáhùn náà kù sí, jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà.

AYÉ ÀJẸ̀ ÀTI ÌGBÒKUN

Ìlàjẹ ni Yorùbá tí ó wà ní gúúsù pátápátá ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìpínlẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976. Òkun Àtìláńtíìkì ni ó wà níwájú wọn. Ọ̀sà tí ó ṣàn lọ sí Ẹ̀pẹ́ àti Èkó wà ní ìwọ̀-oòrùn wọn, àwọn Ìjọ́ Àrógbò àti Àpọ́ì sì jẹ́ aládùúgbò wọn. Lára àwọn ìjọba àtijọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni Ugbò, tí Olúgbò ń jọba lé lórí, àti Máhìn, tí ó jẹ́ ti Amapetu. Ìgbókòdá ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ wọn láti ọdún 1996 tí a ti yà á sọ́tọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìletò etíkun náà, orí òpó ni wọ́n ń kọ́ ilé sí, omi a sì máa ṣàn lábẹ́ ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí aládùúgbò rẹ̀, ọkọ̀ ni yóò wọ̀. Ọmọdé a máa mọ ọkọ̀ tù kí ó tó mọ ìwé kà.

Ohun mẹ́ta ni ó ń gbé ọkọ̀ rìn ní ayé àtijọ́: àjẹ̀ tí a fi ń tu omi, ọ̀pá gígùn tí a fi ń ti ilẹ̀ odò níbi tí omi kò bá jìn, àti ìgbòkun tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ohun kẹrin wà tí ojú kò rí, òun ni ọgbọ́n ẹni tí ó jókòó sí ìdí ọkọ̀. Atukọ̀ yìí gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tí ó ń fà. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí kùkùté rì sí lábẹ́ omi, ibi tí wọ́n dẹ àwọ̀n sí, àti bí a ṣe ń ka ìgbì òkun kí a tó kọjú ọkọ̀ sí i. Kò sí ìwé tí ó kọ́ ọ. Ìdí ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ.

Nínú ayé yìí, bí ọkọ̀ bá dojú dé, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ẹni tí ọ̀ràn náà wà lọ́rùn rẹ̀. Atukọ̀ ni. Gbogbo ìletò mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì mọ ilé rẹ̀. Èyí tí ó tilẹ̀ ju ìyẹn lọ ni pé inú ọkọ̀ kan náà ni òun àti èrò rẹ̀ jọ wà. Omi tí yóò gbé èrò lọ kò ní fi atukọ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, kí òfin ìjọba kankan tó dé etíkun yìí, ààbò ti wà nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀: ẹni tí ó ń tọ́ ọ ní ẹ̀mí tirẹ̀ láti pàdánù.

BÍ ẸRỌ ṢE DÉ ORÍ OMI

Àwọn ará etíkun wa ti rí ọkọ̀ tí kò lo àjẹ̀ kí àwọn fúnra wọn tó ní in. Ní ọdún 1832, Macgregor Laird àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọkọ̀ elérùú-omi méjì, Quorra àti Alburkah, wọ Odò Ọya. Òyìnbó 48 ni ó bá wọn lọ. Àwọn 9 péré ni ó padà sílé láàyè. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ibà pa àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ní oṣù kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun elérùú-omi Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tí ó fi ìbọn ńlá fọ́ Èkó. Ní ọdún 1885, àwọn oníṣòwò Jámánì wá bá ọba Máhìn ṣe àdéhùn, wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe ẹnu ọ̀nà tiwọn sí ilẹ̀ Yorùbá, kí Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní gbogbo ìgbà yìí, ẹ̀rọ jẹ́ ohun àlejò. Ìlàjẹ ń wò ó láti òkèèrè ni.

Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà kéré ju ọkọ̀ ogun lọ púpọ̀. Ní ọdún 1909, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ole Evinrude, ọmọ bíbí ilẹ̀ Norway tí ó ń gbé Amẹ́ríkà, gbé ẹ́ńjìnnì kékeré kan jáde fún títà, èyí tí ènìyàn lè gbé lọ́wọ́ kí ó so ó mọ́ ìdí ọkọ̀. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ni ó tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn apẹja etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láàárín àwọn ọdún 1950 sí 1960. Kò béèrè pé kí apẹja ju ọkọ̀ bàbá rẹ̀ nù. Ìdí ọkọ̀ náà gan-an ni wọ́n so ó mọ́, ní ibi tí atukọ̀ ti ń jókòó tẹ́lẹ̀.

Ìlú kan wà ní etíkun Ìlàjẹ tí ó gba ẹ̀rọ tọwọ́ tẹsẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ayétòrò ni. Ní ọdún 1947, àwọn onígbàgbọ́ kan tí wọ́n ti inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù jáde tẹ ìlú náà dó sí etí òkun. Wọ́n pinnu láti jọ ní ohun gbogbo ní àjọní, bí ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ṣe wí. Láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀, wọ́n ní iná mànàmáná, wọ́n sì ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì fún ẹja pípa àti fún òwò. Ọ̀jọ̀gbọ́n láti òkè òkun wá wò wọ́n, wọ́n sì kọ ìwé lé wọn lórí.

Ohun tí a kì í sábà ṣàkíyèsí nínú ìtàn Ayétòrò ni ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú ọ̀rọ̀ ìjíhìn. Àwùjọ ni ó ni ọkọ̀, àwùjọ ni ó ni ẹ́ńjìnnì, àpò àwùjọ sì ni èrè ń lọ. Nítorí náà, bí òfò bá ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tí yóò sá lọ sẹ́yìn ẹlòmíràn, nítorí kò sí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ní òpin àwọn ọdún 1960, ohun-ìní àdáni padà wọ ìlú náà. Ètò àjọní rọ̀, ẹ́ńjìnnì kò rọ̀ ní tirẹ̀. Ní Ayétòrò àti ní gbogbo etíkun, ó di ohun tí olówó ń rà kí ó fi pawó.

ÀǸFÀÀNÍ ÀTI ÀRÍYÀNJIYÀN

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú kéré oore tí ẹ́ńjìnnì ṣe. Ibi tí ọkọ̀ alájẹ̀ ń fi odidi ọjọ́ kan rìn, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì a dé ibẹ̀ ní wákàtí díẹ̀. Apẹja lè lọ sí ojú òkun jíjìn, kí ó sì padà kí ẹja tó bàjẹ́. Aboyún tí ọmọ bá há mọ́ lára lè dé ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn Ìlàjẹ tí ó ti ń ṣí kiri tẹ́lẹ̀ wá ń lọ jìnnà sí i, láti Èkó, níbi tí orúkọ wọn wà lára àdúgbò Bárígà títí di òní, dé etíkun Kamẹrúùnù àti Gàbọ́ọ̀nù.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọkọ̀ tí ó ń sáré a máa gbé ìgbì dìde, ìgbì náà a sì máa bu omi sínú ọkọ̀ kékeré tí obìnrin tàbí ọmọ iléèwé ń tù lọ́wọ́. Abẹ̀bẹ̀ irin ìdí ẹ́ńjìnnì a máa gé àwọ̀n tí apẹja ti fi owó yíyá rà. Epo pẹtiróò tí a dì sínú kẹ́ẹ̀gì sẹ́gbẹ̀ẹ́ èrò jẹ́ iná tí ó ń dúró de ìṣáná. Ẹni tí ó ra ẹ́ńjìnnì ní gbèsè láti san, gbèsè a sì máa sọ fún un pé kí ó kó èrò méjì mọ́ iye tí ọkọ̀ lè gbà.

Láti ìgbà náà ni ìjíhìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ lè máa gbé Èkó, kí ó má sì wọ ọkọ̀ náà rí. Ẹni tí ó ń wà á jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n gbà síṣẹ́, tí ó gbọ́dọ̀ mú iye kan wálé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó ń kó èrò sínú ọkọ̀ ní èbúté kò bá ọkọ̀ lọ. Ẹni tí ó ta ẹ́ńjìnnì ti gba owó rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wá rì ní òru, tí kò sí ẹ̀wù amúniléfòó lára ẹnikẹ́ni, ta ni kí ìyá òkú lọ bá? Olúkúlùkù wọn yóò na ìka sí ẹnìkejì rẹ̀. Ọ̀ràn tí ó jẹ́ ti ẹnìkan ní ayé àjẹ̀ ti di ti ènìyàn púpọ̀, ohun tí ó sì jẹ́ ti ènìyàn púpọ̀ kì í pẹ́ di aláìní.

Níbo ni ìjọba wà? Ọdún 1997 ni a fi òfin dá Àjọ Ọ̀nà Omi Abẹ́lé ti Orílẹ̀-Èdè, tí a mọ̀ sí NIWA, sílẹ̀. Ní ìgbà náà, ẹ́ńjìnnì ti lo ọgbọ̀n ọdún ó lé lórí omi. Kò tán síbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ àti Ìpínlẹ̀ Èkó tún bẹ̀rẹ̀ sí í du ẹni tí ó ni àṣẹ lórí ọ̀nà omi. Ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ dá ẹjọ́ náà fún NIWA ní ọdún 2014. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yí i padà fún Èkó ní ọdún 2017. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó parí rẹ̀, tí ó dá NIWA láre. Erin méjì ń jà, koríko ni ó ń fara gbọgbẹ́. Ti orí ilẹ̀ kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mọ́tò ti pa ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Nàìjíríà kí a tó dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1988, tí Wọlé Ṣóyínká sì di alága rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ ni nìyí: ẹ̀rọ a máa dé ṣáájú òfin. Àárín méjèèjì ni òkú máa ń pọ̀ sí.

OHUN TÍ Ẹ̀RỌ KÒ MỌ̀

Ẹ̀kọ́ kejì wá láti inú omi fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1984, koríko ojú omi kan tí òyìnbó ń pè ní wọ́tà háyásíǹtì gba ìhà Bàdágìrì wọ Nàìjíríà. Ó ní òdòdó tí ó dára lójú, ṣùgbọ́n ó tàn dé orí omi Ìlàjẹ, ó sì bo ojú ọ̀nà bí ẹní. Koríko náà a máa wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ irin ẹ́ńjìnnì títí yóò fi dákẹ́. Ẹ́ńjìnnì kò mọ koríko yàtọ̀ sí omi. Yíyí ni ó mọ̀. Ẹni tí ó bá gbé àjẹ̀ sínú ọkọ̀ ni yóò tu ara rẹ̀ wálé. Ìdí nìyí tí ọlọ́gbọ́n awakọ̀ ojú omi kì í fi àjẹ̀ sílẹ̀ sílé, bí ó ti wù kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tuntun tó.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí lọ sí ìdí mọ́tò aláìláwakọ̀. Àwọn tí ó fẹ́ ẹ kò sọ ìsọkúsọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2023 pé nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 1.19 ni jàǹbá ojú títì ń pa lọ́dọọdún ní gbogbo ayé. Ọtí, oorun, ìwàǹwara àti fóònù ọwọ́ awakọ̀ sì wà lára ohun tí ń fà á. Ẹ̀rọ kì í mutí, kì í tòògbé, kì í bínú sí ẹni tí ó ya ọ̀nà mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ó bá lè gba ìdajì lára àwọn ẹ̀mí wọ̀nyí là, ta ni yóò sọ pé kí ó má wá?

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Tempe, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní alẹ́ ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta ọdún 2018. Obìnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọdá títì. Mọ́tò kan tí ilé-iṣẹ́ Uber fi ń dán ìwakọ̀-fúnra-ẹni wò gbá a, ó sì kú. Àjọ tí ń wádìí jàǹbá ìrìnnà ní Amẹ́ríkà rí i pé ẹ̀rọ náà ti rí obìnrin yìí ní ìṣẹ́jú-àáyá 5.6 kí ó tó gbá a. Ó rí i, kò mọ ohun tí ó jẹ́. Àwọn tí ó ṣe é kò kọ́ ọ pé ènìyàn lè sọdá níbi tí kì í ṣe ojú ìsọdá tí ìjọba là sílẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì kò ṣe mọ koríko, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí kò ṣe mọ obìnrin tí ń ti kẹ̀kẹ́.

Ta ni ó wá jíhìn? Ẹnìkan wà nínú mọ́tò náà tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa ṣọ́ ọ, fóònù ni ó sì ń wò. Ní ọdún 2019, agbẹjọ́rò ìjọba sọ pé kò sí ẹ̀sùn ọ̀daràn tí a lè fi kan ilé-iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2020, wọ́n fi ẹ̀sùn kan òṣìṣẹ́ náà. Ní ọdún 2023, ó gbà pé òun fi ẹ̀mí ẹlòmíràn wéwu, ilé-ẹjọ́ sì fi í sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún 3. Àjọ olùwádìí ti sọ pé ilé-iṣẹ́ kò ka ọ̀rọ̀ ààbò sí tó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kéré jù nínú gbogbo wọn ni ó dúró níwájú adájọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń wa ọkọ̀ olówó ní èbúté yóò mọ ìtàn yìí dáadáa.

ÒFIN TÍ Ó PỌ̀ JÙ ÀTI ÈYÍ TÍ Ó PẸ́ JÙ

Àwọn kan yóò wí pé kí a kúkú fi òfin dí i lọ́nà pátápátá. Ìtàn kò fara mọ́ ìyẹn náà. Ní ọdún 1865, Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé ọkọ̀ tí ó bá ń fi ẹ̀rọ rìn lójú títì kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 4 lọ ní wákàtí kan, àti pé kí ẹnìkan máa fi ẹsẹ̀ rìn níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àsíá pupa. Ọdún 1896 ni wọ́n tó tú u ká. Bí a bá fi irú òfin bẹ́ẹ̀ de ẹ́ńjìnnì ojú omi, aboyún tí ó ń lọ sí ilé ìwòsàn yóò máa tu àjẹ̀ títí di òní.

Àárín méjèèjì ni ọ̀nà wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ní San Francisco, mọ́tò tí ènìyàn ń wà gbá obìnrin kan, ó sì jù ú síwájú mọ́tò aláìláwakọ̀ ti ilé-iṣẹ́ Cruise. Mọ́tò yìí dúró, lẹ́yìn náà ó tún ṣí, ó sì wọ́ ọ lọ tó ẹsẹ̀ bàtà 20. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba ìpínlẹ̀ California ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n ní mọ́tò wọn kò láàbò àti pé wọn kò sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ tán. Ní òpin ọdún 2024, General Motors, tí ó ni Cruise, jáwọ́ nínú iṣẹ́ mọ́tò akérò náà. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ẹ̀rọ ni California lé lọ, nítorí Waymo ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní ìlú kan náà. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹnìkan wà tí ó ní àṣẹ láti sọ pé ó tó, tí ó sì sọ ọ́ lásìkò.

Ọkọ̀ ojú omi aláìlátukọ̀ náà ti wà. Ní ọdún 2022, ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní Mayflower gbéra ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá láìsí ènìyàn kan nínú rẹ̀. Ó dé ìhà kejì, Kánádà sì ni ó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí, nítorí ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ó ní láti yà sí erékùṣù Azores kí ọwọ́ ènìyàn tó tún un ṣe. Ọjọ́ kan lè dé tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò wọ omi Ìlàjẹ. Omi náà kì í sì ṣe omi tí a lè yà sórí ìwé lẹ́ẹ̀kan kí a sinmi. Ní Ayétòrò, òkun ti gba ilé àti ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ àwọn tí ó tẹ ìlú náà dó. Ibi tí àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ pè ní òpópónà ti di ìgbì. Ọkọ̀ tí ó bá ń fi àwòrán àná rìn níbẹ̀ yóò kọlu ohun tí kò sí níbẹ̀ lánàá.

Nígbà tí ọjọ́ náà bá dé, kì í ṣe bí ọkọ̀ náà ṣe yára tó ni ó yẹ kí àwọn àgbà etíkun kọ́kọ́ béèrè. Kí wọ́n béèrè orúkọ ẹni tí yóò dáhùn bí ó bá rì. Kí wọ́n béèrè bóyá ó mọ àwọ̀n, kùkùté àti ọmọ iléèwé nínú ọkọ̀ kékeré. Kí wọ́n béèrè ẹni tí ó lè dá a dúró, àti bóyá ẹni náà wà ní Ìgbókòdá tàbí ní òkè òkun. Àwọn bàbá wọn kò kọ ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì jàǹfààní rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, omi sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní ayé àjẹ̀, atukọ̀ àti èrò jọ wà nínú ọkọ̀ kan. Bí atukọ̀ yóò bá wá kúrò nínú ọkọ̀ pátápátá, ó yẹ kí a mọ ilé tí ó ń gbé kí ọkọ̀ tó ṣí ní èbúté.